Ìlà Kan Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Nínú Ìwé Ilé Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kudenda, ọ̀rọ̀ owó ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Lọ́dún tó kọjá, a sin ará wa kan dé ọ̀dọ̀ onílé rẹ̀. Ó ti san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. (Ní Èkó, òfin ilé ti ọdún 2011 kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, Kaduna kì í ṣe Èkó.) Oṣù méje péré ni ó lò tí bàbá rẹ̀ fi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹbí sì ní kí ó wá bójú tó ilé. Oṣù 17 ṣẹ́kù. Onílé kò pariwo mọ́ wa. Ó bu omi fún wa mu, ó sì mú ìwé àdéhùn jáde. Ọdún méjì ni a kọ síbẹ̀, kò sí ìlà kan tí ó sọ bí ènìyàn ṣe lè jáde kí ọdún tó pé. Ọ̀rọ̀ wa tán. Ẹni tó gba ilé fún iye ọdún kan pàtó, òun ni ó ni owó gbogbo ọdún náà lọ́rùn, ì báà gbé e, ì báà má gbé e.

Ìlà tí à ń wí kò gùn: ayálégbé lè fi ilé sílẹ̀ kí àkókò tó pé, bí ó bá fi ìwé sọ fún onílé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, onílé yóò sì dá owó oṣù tó kù padà. Apá kejì yìí ni kí ẹ dì mú, nítorí owó wa ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ní àfojúdi ni kí àlejò máa bèèrè ọ̀nà àbájáde lọ́jọ́ tó ń wọlé. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Àwọn kan náà ni wọ́n rí February 2000, nígbà tí ìjà ẹ̀sìn tú Kaduna ká, tí ènìyàn fi ilé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún rí 2007, nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ United Nigerian Textiles ti ìlẹ̀kùn, tí kò sì ṣí mọ́ títí di 2010. Ta ni ó mọ̀ ṣáájú?

Ìlà nìkan kò tó o. Ìyá oníṣòwò kan ní i nínú ìwé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ni ó fi sọ fún onílé, onílé sì ní kò burú. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ gbèsè owó ilé. Bí onílé bá sì fẹ́ kí ìlà náà jẹ́ ti òun pẹ̀lú, ẹ rò ó dáadáa: ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà ti mọ ojú ibẹ̀, wọ́n lè lé e ní oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ń fi òru kó ẹrù sá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun. Ilé tí ẹ bá sá kúrò, Yorùbá mìíràn kì í rí i gbà mọ́.

Akọ̀wé ti kọ ìlà náà sínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ san owó ilé lóṣù tó ń bọ̀, kí ó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé kí owó tó jáde lápò.