Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Tí Ó Ní Oyè Nínú

Bí a bá gbọ́ “ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́”, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí àyà àǹtí mi fi já nígbà tí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù yan ẹ̀kọ́ṣẹ́ sọfitiwia ní ilé-iṣẹ́ ìṣúná ńlá kan. Yunifásítì sì wà nínú rẹ̀! Láti ọdún 2015 ni irú ètò yìí ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gba owó oṣù, kò sì ní san kọ́bọ̀ fún yunifásítì, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti lè san £9,535 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26.

Àkókò ni òun fi ń san tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìsinmi gígùn, àbúrò mi ń wá àṣìṣe inú kóòdù. Òfin ní kí a yọ àyè ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ láàárín wákàtí iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti gbóná, àyè yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè ọjọ́ tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́, àti ẹni tí yóò dáàbò bò ó. Owó oṣù dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò ráyè kẹ́kọ̀ọ́, ìwọ̀fà ni.