Ilé ìtajà aṣọ: Àwọn olówó ńlá ti kó lọ, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nínú búùtù mọ́tò ló fìdí múlẹ̀

Láti Lekki dé Ajah lónìí, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta jíǹsì àti tíṣáàtì kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ọjà ń yá lọ́wọ́ wọn lórí Instagram ló ń rò ó pé àsìkò ti tó láti gba ṣọ́ọ̀bù kejì. Kí ẹ tó sanwó fún lanlọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò ná.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí The Palms ní Lekki ní 2005, tí irú ilé ìtajà ńlá bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i l'Ékòó, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ láti South Africa náà wọlé wá. Woolworths ò pẹ́ rárá. Nígbà tó máa fi di 2013, ó ti kéde pé òun ń lọ: owó ṣọ́ọ̀bù wọ́n, owó ibodè wọ́n, kíkó ọjà wọlé sì nira. Ní 2015, báńkì àpapọ̀, CBN, fi aṣọ kún ọjà 41 tí wọn ò ní í ta dọ́là fún mọ́. Truworths lọ ní 2016. Ní 2020, Mr Price náà ní ó dàbọ̀.

Ṣé wọn ò lówó ni? Rárá o. Dọ́là ni wọ́n fi ń rajà, náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Bí náírà bá ti já wálẹ̀, èrè ti wọmi nìyẹn.

Ẹ wá wo Ruff 'n' Tumble, tí Abilékọ Adéníkẹ̀ẹ́ Ògúnlésì dá sílẹ̀ ní 1996. Aṣọ àwọ̀sùn tó rán fún àwọn ọmọ tiẹ̀ ló bí òwò náà. Kó tó di pé ó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, búùtù mọ́tò rẹ̀ ló fi ń tajà. Ó ti mọ ohun tí àwọn ìyá ọmọ ń fẹ́ kó tó máa san owó ilé. Ibí náà ló sì ti ń rán aṣọ.

Èyí ò sọ pé dọ́là ò lè kan ẹni tó ń rán aṣọ níbí. Aṣọ àti síìpù ṣì ń ti òkè òkun wá, dísù jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? Àmọ́ ẹni tó ń rán an fúnra rẹ̀ lè dín iye tó ń rán kù bí ọjà bá dúró. Ẹni tó ti yáwó san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì ò lè dín nǹkan kan kù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èrè ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ san owó ìkejì. Bí èrè yẹn ò bá tíì tó o, ẹ ní sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.