Bí Owó Ti Mọ: Ọ̀rọ̀ Ìlanilọ́yẹ̀ Lórí Fóònù Rírà

Ní ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM wọ orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, síìmù lásán tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ní in a fi fóònù rẹ̀ há ìgbànú kí tọmọdé tàgbà lè rí i, ilé rẹ̀ a sì di ojúde tí gbogbo àdúgbò ń wá dúró sí láti gbọ́ ohùn ọmọ wọn tí ó wà lókè òkun. Ayé ti yí padà. Bí ènìyàn bá dé Computer Village ní Ìkẹjà lónìí, kò ní tíì rìn jìnnà kí àwọn ọ̀dọ́ tó dì í mú lápá pé, "Bàbá, irú èwo lẹ ń wá?" Ìbéèrè yìí gan-an, tí wọ́n ń béèrè wẹ́rẹ́ bí ẹní ń kíni, ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò kí a tó kó owó jáde nílé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí fóònù olówó pọ́ọ́kú fi yín ṣẹ̀sín. Tecno, Infinix àti itel tí wọ́n kún ọwọ́ ará ìlú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ilé iṣẹ́ Transsion tí ó wà ní Shenzhen nílẹ̀ Ṣáínà ni ó bí wọn, àwọn ènìyàn náà sì fara balẹ̀ wo bí a ti ń gbé ayé wa kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n ń tà fún wa. Wọ́n rí i pé nẹ́tíwọ́kì kan a máa sùn nígbà tí èkejì bá jí, wọ́n fi ojú síìmù méjì sí i. Wọ́n rí i pé iná lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́, wọ́n fún un ní bátìrì ńlá. Wọ́n rí i pé kámẹ́rà tí a fi awọ òyìnbó dánwò a máa sọ adúmáadán di òjìji lásán, wọ́n tún kámẹ́rà tiwọn ṣe kí àwọ̀ wa lè yọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó pe ènìyàn, kí ó gbọ́ ohùn ọmọ lórí WhatsApp, kí ó sì fi owó ránṣẹ́ sílé, kí ni ó fẹ́ fi fóònù olówó gọbọi ṣe? Bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní kọ́lọ́fín kan tí ojú lásán kì í rí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀; ògiri fóònù a sì máa lanu lóòrèkóòrè, àwọn tí ó ṣe é ni ó ní láti máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí olè má baà bá ibẹ̀ wọ inú àpò ìfowópamọ́ wa. Ọdún méje ni Google ṣèlérí pé òun yóò fi máa ṣe èyí fún Pixel 8 tí ó jáde ní 2023. Samsung ṣe irú ìlérí kan náà fún Galaxy S24 ní 2024. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kì í jẹ irú oyin bẹ́ẹ̀ pẹ́. Síbẹ̀, kò sí èyí tí kì í darúgbó: iPhone 6 tí ayé fi ń ṣe fújà ní 2014, ní 2025 ni WhatsApp kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní fóònù kan jẹ́ ₦150,000, tí ó sì lo ọdún méjì. ₦75,000 ni ó ń jẹ lọ́dún. Ká ní èkejì jẹ́ ₦700,000, tí ó lo ọdún méje. ₦100,000 ni tirẹ̀. Wọn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n bí olówó èkejì bá pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì nítorí pé tuntun ti dé, ₦350,000 ni ó ń jẹ lọ́dún, kí a tó yọ ìwọ̀nba tí yóò rí lórí àlòkù rẹ̀. Sùúrù olówó ni ó ń sọ ọjà ọ̀wọ́n di ọjà tí ó rọjú. Ẹni tí kò ní sùúrù, tàbí tí ó máa ń gbàgbé fóònù sínú dánfó, kí ó rọra máa lo pọ́ọ́kú rẹ̀.

Àwọn kan ní tòkunbọ̀ ni ọgbọ́n àárín. Èmi náà gbọ́n in rí. Mo ra iPhone àlòkù lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi òrí pa á. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ní kí n pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí, ìbẹ̀rẹ̀ ímeèlì onítọ̀hún nìkan ni ó fi hàn mí. Nọ́ńbà ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lọ mọ́. Títí di òní, òun ni mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ra àlòkù, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á yọ ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kúrò kí ó sì nù ún mọ́ níṣojú yín. Bí iPhone bá ni, ẹ wo ìlera bátìrì rẹ̀ bóyá ó ti wálẹ̀ ju ìdá 80 nínú 100. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ sì fi nọ́ńbà onídíjíìtì 15 tí ó bá gbé jáde wé ti ara páálí.

Fáàrí àṣejù, oko olówó ni í múni lọ. Láyé àwọn baba wa, ìwọ̀fà a máa jí lọ sóko olówó láàárọ̀. Ní tiwa, ẹlòmíràn ń san owó fóònù díẹ̀díẹ̀, olówó rẹ̀ a sì ti fóònù náà pa láti ibi tí ó jókòó sí lọ́jọ́ tí owó bá pẹ́.

Obìnrin aláṣọ kan wà tí mo mọ̀ ní ọjà Gbàgí, n'Íbàdàn. Fóònù tí kò ga tí kò kúrú ni ó ń lò, ọdún kẹta rẹ̀ nìyí, igun rẹ̀ kan ti là, rọ́bà ni ó fi so ó. Láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, a tẹ́ àǹkárá sórí bẹ́ǹṣì níta, a ya fọ́tò rẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo bi í léèrè ìgbà tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Owó oníbàárà kan láti Ìlọrin ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n di aṣọ yìí ná."