Òṣùwọ̀n Ni Ìdánwò Ìṣirò Yìí, Kì í Ṣe Ìlẹ̀kùn

Ní ilé púpọ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1, bí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ girama, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní òkè òkun sì kọ̀wé pé àwọn ti gbà á, ayọ̀ a gba gbogbo ilé kan. Ṣùgbọ́n kí ayọ̀ náà tó rọlẹ̀, ìwé mìíràn a tún dé pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìṣirò, kí a lè mọ kíláàsì tí yóò jókòó sí. Nígbà náà ni ẹ̀rù a ba ìyá, tí bàbá a sì bẹ̀rẹ̀ sí wá olùkọ́ kiri láti Admiralty Way títí dé Ajah. Nínú irú ìjáyà bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń rò ó pé kí olùkọ́ náà kúkú jókòó ti ọmọ, kí ó máa bá a dáhùn ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ lónìí.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń bẹ̀rù. Ìdánwò tí àwa mọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ìlẹ̀kùn ni: ẹni tí ó bá yege a wọlé, ẹni tí kò bá yege a dúró síta. Ìdánwò JAMB tí a fi ń wọ yunifásítì, ìbéèrè 180 ni, wákàtí 2 péré ni a fi ń dáhùn wọn, 400 sì ni gbogbo máàkì rẹ̀. Ní oṣù May ọdún 2025, èyí tí ó ju 1,500,000 lọ nínú àbájáde 1,955,069 ni kò tó 200. Igbe ta káàkiri. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, fi jáde ní gbangba pẹ̀lú omijé, tí ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni ó kan iṣẹ́ àwọn ọmọ 379,997, tí 206,610 nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. A sì ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí irú èyí, bí a bá tún dárúkọ ìdánwò níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ kò ní ṣàì já.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tí a ń wí yìí, ọ̀tọ̀ ni. A ti gba ọmọ náà wọlé ná kí a tó ní kí ó ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti ń fi tépù wọn èjìká àti ìbàdí ènìyàn kí ó tó gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń fi í wọn ibi tí òye ọmọ dé. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe é: bí ọmọ bá gba ìbéèrè kan, èyí tí ó tẹ̀lé e a le sí i, bí ó bá sì ṣì í, èyí tí ó tẹ̀lé e a rọrùn sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní ACCUPLACER, láti 200 dé 300 ni máàkì rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ALEKS kì í ju ìbéèrè 30 lọ, láti 0 dé 100 ni máàkì tirẹ̀, a sì lè jókòó sílé ṣe é. Àbájáde rẹ̀ ni yóò sọ bóyá inú áljẹ́brà ni ọmọ yóò ti bẹ̀rẹ̀, tàbí inú calculus tààrà.

Nítorí náà, òbí tí ó bá ní kí a bá ọmọ òun ṣe ìdánwò yìí, ara rẹ̀ ni ó tàn jẹ. Ẹni tí aránṣọ ń wọ̀n tí ó fa ikùn mọ́ra, ṣé kò mọ̀ pé òun náà ni yóò wọ aṣọ ọ̀hún? Ọjọ́ tí ó bá jókòó jẹun yó ni aṣọ yóò fàya. Ọmọ tí a fi ọgbọ́n olùkọ́ gbé dé kíláàsì calculus, tí òun fúnra rẹ̀ kò tí ì mọ ìṣirò ìdá dáadáa, kí ni yóò ṣe nígbà tí olùkọ́ bá wà ní Èkó, tí òun sì wà nínú òtútù ní òkè òkun? Kò sí ẹni tí ń fìdí rẹmi nínú òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n nínú kíláàsì a máa fìdí rẹmi. Owó tí bàbá fi náírà ra dọ́là san yóò sì ṣòfò.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò sí ewu ní apá kejì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì púpọ̀, kíláàsì àtúnkọ́ tí a ń fi àwọn tí máàkì wọn kéré sí kì í kà mọ́ oyè, bẹ́ẹ̀ owó ni a ń san sí i. Ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a rán lọ sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò parí ẹ̀kọ́ wọn mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2017 pé kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì máa wo iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí wọ́n má ṣe fi ìdánwò nìkan dá a padà sẹ́yìn.

Ìmúrasílẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Kí ọmọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tún ìṣirò ìdá, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, áljẹ́brà àti trigonometry yẹ̀ wò. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà bóyá a gbà kí ó lo ẹ̀rọ ìṣirò, àti bóyá a gbà kí ó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti kàwé sí i, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti olùkọ́ tí a gbà sílé, kí ó kọ́ ọmọ dáadáa kí ọjọ́ tó pé. Bí ọjọ́ bá pé, kí ó jáde kúrò nínú yàrá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lọ sí òkèèrè. Ní oṣù October ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò di dandan mọ́ kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ Arts ní yunifásítì ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni yóò ṣì máa ṣe ìdánwò ìṣirò. A kò bá ìjọba jà pé ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ohun tí a ń béèrè ni pé, nígbà tí ìlẹ̀kùn ti ṣí, ta ni yóò wọn àwọn tí ó wọlé? Akọ̀wé, agbẹjọ́rò àti oníwèé ìròyìn pẹ̀lú ní owó láti ṣírò. Ọmọ Phase 1 ní olùkọ́ tí ń wá kọ́ ọ nílé. Ọmọ tálákà ní Ajah àti Ìbẹ̀jú kò ní. Bí àwọn yunifásítì wa bá lè wọn gbogbo ọmọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dé, láìlé ẹnikẹ́ni padà, kí wọ́n sì kọ́ olúkúlùkù láti ibi tí ó dé, ọmọ tálákà ni yóò kọ́kọ́ jèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kíláàsì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a wọn àwọn ọmọ wa bí wọ́n ti rí gan-an, kí aṣọ ẹ̀kọ́ tí a ó rán fún wọn lè bá wọn mu.