Ìwé Kọ́ Ló Yí I Lórí

Ohùn kan tún ti ń bọ́ láti fóònù dé fóònù ní Ìgèdè: pé ọmọ yunifásítì kan kàwé kàwé títí orí rẹ̀ fi yí, pé kí òbí tètè gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ lóru. Àwọn ìyá kan sì ti ń paná mọ́ ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC lórí. Ní Èkìtì, ilẹ̀ tó ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn!

Ẹ bi ẹni tó fi ohùn náà ránṣẹ́ pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀. Yóò ní, "Mo mọ ọmọ náà, mo sì mọ òmíràn ní Ìyìn." Ẹni méjì péré! Àwọn tó wà ní yunifásítì Adó, ti Ọ̀yẹ́ àti Pólì, tí wọ́n ń kàwé mọ́jú tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ta ló bi wọ́n? Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ní ìwé ló ń yí orí, ó gbọ́dọ̀ mọ iye àwọn tó kàwé tí orí wọn yí, iye àwọn tó kàwé tí orí wọn pé, iye àwọn tí kò kàwé tí orí wọn yí, àti iye àwọn tí kò kàwé tí orí wọn pé. Iye kan ṣoṣo lẹ mú nínú mẹ́rin, ẹ sì ti dájọ́.

Bí orí bá yí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ẹ ó ní ayé ló ṣe é. N kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan ní máṣíìnì ló fà á. Bó bá ṣe ọlọ́kadà, ẹ ó ní ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ni, ẹ kò ní gba ọ̀kadà lọ́wọ́ àwọn tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ̀bi. Àbí ta ni nínú àwọn tí orí wọn yí ní Èkìtì tí kò jẹ iyán rí? Ta ni nínú wọn tí a kò sọ lórúkọ? Ta ni kò wọ mọ́tò Adó rí? Kí ló dé tí ẹ kò tíì ka iyán léèwọ̀?

Ọjọ́ orí lẹ kò wò. Ìwádìí tí Ronald Kessler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe, ó ti bẹ̀rẹ̀ lára ìdajì wọn nígbà tí wọ́n fi máa pé ọmọ ọdún 14, àti lára ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nígbà tí wọ́n fi máa pé 24. Níbo ni ọmọ Èkìtì ń wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn bí kò ṣe ilé ìwé? Ibẹ̀ ni àìsàn ti bá a.

Ẹni tó mọ ìwádìí ṣe kò jìnnà sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé arúgbó ní Ìbàdàn lọ́dún 1992. Wọn kò jókòó sí ọsibítù kí wọ́n máa ka àwọn tí wọ́n gbé wá. Ojúlé ni wọ́n ti ń bá àwọn àgbà, ẹni tara rẹ̀ le àti aláìsàn. Wọ́n ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001 (bàbá ti kú ní 1995), àrùn náà ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn nìkan ni wọ́n wò, kí ni wọn ì bá fi wé e?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje náà ṣe tirẹ̀, ó jáde ní 2006: nínú 4,984 ènìyàn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní ilẹ̀ Yorùbá, àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti ṣe 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn rí. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn?

Àìsùn kò dára, n kò jiyàn. Igbó àti oògùn tí wọ́n fi ń lé oorun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé, ẹ jẹ́ kó sùn. Bí ẹ bá sì rí i tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń dáhùn ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má fi ẹ̀wọ̀n dè é, ẹ má gbé e gun orí òkè àdúrà fún ogójì ọjọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó lọ́sẹ̀ náà gan-an.