Ẹ Jẹun O, Ẹ̀yin Aboyún Ọjà Wa

Ọ̀rọ̀ àwọn aboyún àárín wa la fẹ́ sọ. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà, edé àti ẹ̀fọ́ látàárọ̀, gàrí àti ẹlẹ́rìndòdò ló fi ń ti ọjọ́ dalẹ́. Kò dáa bẹ́ẹ̀! Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ewu ńlá ni fún un lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ á tún dà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹyin tó jinná. Wọ́n ní tí aboyún bá jẹ ìgbín, itọ́ á máa dà lẹ́nu ọmọ. Ọmọ wo ni itọ́ kì í dà lẹ́nu rẹ̀? Ẹ sè é kó jinná, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín lọ́sibítù, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́. Ẹ má fi tíì lò ó, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi ọsàn sí i.

Ẹ̀yin tí ìsọ̀ yín sún mọ́ ti aboyún, tó bá fẹ́ jẹun tàbí lọ gba ìtọ́jú, ẹ bá a dá oníbàárà lóhùn. Ọjà ń bẹ lọ́la.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Àṣẹ.