Kí Là Ń Fowó Rà Nínú Èéhù Àlìkámà Àtijọ́?

Àlìkámà àtijọ́ ti kún orí àtẹ àwọn ilé ìtajà oúnjẹ aṣaralóore nílùú Ọba níhìn-ín: einkorn, emmer, spelt, àti khorasan tí wọ́n ń tà lórúkọ Kamut. Òmíràn wà tí wọ́n ti jẹ́ kó hù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, owó tirẹ̀ sì tún ga sí i. Àwọn kan nínú wa ń rà á fún ọmọ, àwọn mìíràn fẹ́ máa tà á. Lójú tèmi, ó yẹ ká mọ ohun tí à ń rà kí owó tó kúrò lápò.

Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́ láyé. Einkorn wà lára ọkà tí ọmọ aráyé kọ́kọ́ gbìn, lápá ibi tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ó tún ní lutein, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó dára fún ojú, ju àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lásán lọ.

Ṣùgbọ́n omi àti sùúrù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó kù. Èròjà kan wà nínú ọkà gbígbẹ, phytic acid, tó máa ń di irin àti síńkì mú tí ara kì í fi í rí wọn lò dáadáa. Bí ọkà bá mumi tó sì hù, phytase inú rẹ̀ á máa tú ìdè yẹn. Folate á pọ̀ sí i, fítámì C tí kò sí nínú ọkà gbígbẹ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àlìkámà lásán ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkà bàbà àti àgbàdo náà ń ṣe é. Àwọn ìyá wa tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í lo àgbàdo tí kò hù. Ògì tí a rẹ tó sì kan náà ń dín phytic acid kù. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, kó ra ọkà jíjẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi oògùn sí fún gbígbìn. Kó rẹ ẹ́ mọ́jú, kó sẹ́ ẹ, kó máa fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ títí gbòǹgbò kékeré á fi yọ. Kó sè é kó tó jẹ ẹ́. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì tutù ni kòkòrò àìsàn ń fẹ́: ní Jámánì lọ́dún 2011, E. coli inú èéhù irúgbìn fenugreek pa ènìyàn tó lé ní 50. Aláboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ jẹ èéhù tútù. Lóòótọ́, iná máa ń ba fítámì C jẹ́, nítorí náà kí oníbúrẹ́dì má fi ìyẹn polówó.

Gluten ṣì wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ láyé tó. Ẹni tó ní àrùn coeliac kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Ẹ̀yin tó fẹ́ tà á, òfin ilẹ̀ yìí kò gbà kí a kọ ọ́ sára oúnjẹ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ tà á bí oúnjẹ, ní iye tó tọ́. Àwa ará ilé la máa kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ yín, bí a bá sì rí i pé irọ́ ni, a ò ní padà wá.